Nígbà Tí Ọmọ Bá Yíjú Kúrò Lára Ṣíbí

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí gbólóhùn kan ti ń jà lọ́kàn mi. Kò gùn rárá: "Ọmọ yìí kò fẹ́ jẹun." Ìyá ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sínú káàdì, dókítà ń kà á nínú káàdì, ó sì ń kọ oògùn lé e lórí. Ìyá àgbà náà ń sọ ọ́ nílé, ó tún ń fi "olóríkunkun ni" kún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín gbólóhùn yẹn, "fẹ́", ti pinnu ibi tí wọ́n máa gbé ọmọ náà gbà, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wo inú ẹnu rẹ̀.

Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, ohun tí yóò jẹ́ kó fẹ́ ni gbogbo ayé máa wá fún un. Wọ́n á ra oògùn afúnni-lébi, wọ́n á ra oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sè àgbo, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó ń fẹ́ tí kò lè, torí ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tàbí ọ̀fun rẹ̀ ń pẹ́ kó tó gbé nǹkan mì. Ẹ̀kẹta wà tó lè, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù oúnjẹ ti bà á torí ohun tí oúnjẹ ti fi ojú rẹ̀ rí. Nígbà míì ọmọ kan náà ló ní méjèèjì. Kò sí ìkankan nínú wọn tí oògùn afúnni-lébi máa wò sàn. Kódà, cyproheptadine tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú oorun kunni, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí oorun ń kùn ní í gbé oúnjẹ mì lọ́nà tó léwu jù.

Ọwọ́ tí a fi ń rọ ọmọ

A ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa ká má dárúkọ rírọ. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, orí ọmọ rọ̀ sẹ́yìn. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ẹnu ọmọ bí ife, ọwọ́ ọ̀tún sì ń da ẹ̀kọ sí i. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, ọwọ́ yẹn náà á bo imú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tó lè gbà mí mọ́ ju ẹnu lọ, bó bá sì ti la ẹnu láti mí, ẹ̀kọ á wọlé.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nígbà tí èèyàn bá ń gbé nǹkan mì, èémí máa ń dúró díẹ̀, ọ̀nà èémí á sì pa ara rẹ̀ dé kí oúnjẹ tó kọjá. Nígbà tí a bá dí imú ọmọ, mímí ló ń fẹ́ mí, kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé nǹkan mì. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀kọ débẹ̀. Orí tó rọ̀ sẹ́yìn tún mú kí ẹ̀kọ sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà ń wí. Ọ̀rọ̀ òǹjẹun tí kò mọ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń pa òwe náà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀fun ọmọ tí iṣan rẹ̀ kò lágbára, ọ̀nà méjèèjì sún mọ́ra bí ìka méjì.

Àwọn ìyá wa kò fi ìkà ṣe é. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ tí a sì yè, torí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè wúkọ́, ó lè ké, ó lè tu ú jáde. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ibà pọ́njú ti kọ lu ọpọlọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí tí cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tó ń da iṣan láàmú, ti mú iṣan ara rẹ̀ le tàbí kó dẹ̀ jù, lè má lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí oúnjẹ á wọ ọ̀nà èémí wọn tí wọn ò ní wúkọ́ rárá. Ohun tí ilé máa rí ni òtútù àyà tó ń padà wá ṣáá, wọ́n á sì máa dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi, wọ́n á máa fi fìlà bo ọmọ lórí nínú ooru.

Ìgbà tí ṣíbí dúró

Lọ́dọ̀ tẹ́rápísìtì tó mọ iṣẹ́ ìjẹun ọmọdé, ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń ya òbí lẹ́nu. Wọ́n rò pé yóò fọwọ́ kan ọmọ, yóò wọ́ ọ lẹ́nu, yóò fún wọn ní oògùn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ fún un lóúnjẹ bí ẹ ṣe ń fún un nílé," yóò sì fà sẹ́yìn, yóò jókòó.

Kí ṣíbí tó dé ẹnu ló ti ń wò. Ó ń wo bí ọmọ ṣe ń mí nígbà tí kò tíì jẹ nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bóyá ó mọ́ tàbí ó ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, bóyá ó tẹ ilẹ̀ tàbí ó ń fì dirodiro. Ṣíbí kìíní wọlé, ahọ́n tì í jáde, ìyá fi etí ṣíbí gbá a láti àgbọ̀n padà sẹ́nu. Ṣíbí kejì wọlé. Nígbà tí ìkẹta ń bọ̀, ọmọ yíjú sápá òsì. Ọwọ́ ìyá tẹ̀ lé ẹnu náà lọ sápá òsì, láìrò ó rárá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀ ná. Ẹ má sọ nǹkan kan sí i."

Ṣíbí wà nínú abọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kọjá. Ó dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àfi bí ẹ bá ń wo ọrùn ọmọ. Gògóńgò rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró. Ó tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ ṣíbí kejì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìkẹta fi ń bọ̀; ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní láti gbé ohun tí ọmọ mìíràn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ogún ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ yíjú padà, ó wo abọ́.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní ohunkóhun. Yíyíjú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ẹ dúró, mi ò tíì tán." Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ti ṣíbí dànù, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju èyí lọ. Bí a bá ń fi ṣíbí lé ẹnu rẹ̀ kiri, ohun tó máa kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ta létí ẹnikẹ́ni, yóò sì gbé ohùn sókè: yóò ké, yóò le gbagidi, yóò bì. Nígbà tó bá yá, kí ó ṣáà rí abọ́ ni ẹkún á ti bẹ̀rẹ̀. Ohun a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fi agbára mú ní í le koko.

Mo mọ ìdí tí ọwọ́ ìyá fi ń sáré. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n fi ń wo ìyá rẹ̀. Ẹni tó wá kí ilé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ẹ ò fún ọmọ yìí lóúnjẹ ni?" Ìyá tó gbé ṣíbí sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ohun ńlá ló ṣe. Ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ mọ èyí, kó sì bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, kó má dá ẹrù náà lé ìyá nìkan lórí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbé dé ọsibítù

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí ẹ tó tún lọ sí kílíníìkì, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Kíkọ náà kò le. Ẹ kọ aago tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí. Ẹ wọn oúnjẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù, ẹ sì fojú díwọ̀n èyí tó dà sára aṣọ. Ẹ kọ irú oúnjẹ náà, bó ṣe ki tó, ṣíbí mélòó ló jẹ kó tó wúkọ́ tàbí kó yíjú, bóyá ó bì, bóyá ó yàgbẹ́ lọ́jọ́ náà àti bí ìgbẹ́ náà ṣe le tó. Ìgbẹ́ tó le máa ń pa ebi, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í rántí sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti yà á, kí orí, ọrùn àti àyà ọmọ hàn, kí iná tó, kí ẹ sì pa rédíò kí a lè gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ ya ìbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ sì ya ìparí rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn ọmọ kan ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá di ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún ó ti rẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ ni ikọ́ á ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá wá kan yín níwájú dókítà, ẹ fi gbólóhùn "kò fẹ́ jẹun" yẹn sílẹ̀. Ẹ sọ báyìí: "Oúnjẹ kan ń gbà á tó 50 ìṣẹ́jú. Ó máa ń wúkọ́ bó bá mu omi, ṣùgbọ́n kì í wúkọ́ bó bá jẹ ẹ̀kọ tó ki. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí omi lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tọ́jú òtútù àyà rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Fídíò rẹ̀ rèé." Dókítà tó gbọ́ èyí kò ní rí ibi kọ oògùn afúnni-lébi sí. Ìbéèrè tó kàn ni ta ló máa yẹ ìgbémì rẹ̀ wò, ẹ sì lè fi ẹnu ara yín béèrè pé kí wọ́n kọ lẹ́tà lé yín lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Oúnjẹ tó bá ń kọjá 30 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ ti tó ìdí láti wá ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà tó ń gba imú jáde. Fún èyí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo àjà ẹnu ọmọ dé ẹ̀yìn, torí àjà lè là kí ètè má là. Bó bá jẹ́ òun ni, àjọ aláàánú Smile Train ń bá àwọn ọsibítù kan ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan kò ṣeé dúró dè rárá. Bí ètè ọmọ bá ń yí àwọ̀ padà nígbà tó ń jẹun, bó bá ń mí súrésúré pẹ̀lú ibà lẹ́yìn oúnjẹ, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ìbùdó ìlera, okùn tí wọ́n fi ń wọn apá òkè wà fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5: bó bá wà lábẹ́ 11.5 sẹ̀ǹtímítà, ebi ti pa ọmọ náà dé ibi tó léwu. Láti ibẹ̀ dé 12.5, ó ti ń lọ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kódà bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣòroó wọ̀n.

Ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà?

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí wọ́n kọ "feeding therapist" sí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa wá a títí. Abẹ́ orúkọ mìíràn ni iṣẹ́ náà wà. Speech therapist ló máa ń mọ ẹnu, ahọ́n àti ìgbémì jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni tirẹ̀, wọn kì í sì í wá a bí ọmọ kò bá tíì tó ọdún méjì. Occupational therapist ló mọ ìjókòó, ọwọ́, ṣíbí, àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba oúnjẹ tó rí gbágungbàgun. Físíò ló máa bá yín mú kí orí àti ẹ̀yìn dúró. Onímọ̀ oúnjẹ á ṣírò ohun tó ń wọlé. Dókítà ọmọdé ló máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni kílíníìkì ọpọlọ àti iṣan ọmọdé ní àwọn ọsibítù ńlá: UCH ní Ìbàdàn, LUTH àti LASUTH ní Èkó, OAUTHC ní Ifẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti etí láti ẹ̀ka Special Education, OAU ń kọ́ àwọn occupational therapist, Òṣòdì sì ni Federal School of Occupational Therapy wà. Mo dárúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí torí pé olùkọ́ ibẹ̀ sábà máa ń mọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìpè kan síbẹ̀ lè dín ìrìn oṣù mẹ́ta kù. Speech therapist àti occupational therapist gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò sí àrífín nínú ìyẹn.

Àwọn tó wà ní Brítéènì, ẹ lọ bá health visitor tàbí GP kí wọ́n kọ̀wé sí speech therapist ọmọdé ti NHS àdúgbò yín, HCPC, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn oníṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ni ẹ sì ti lè wo orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò lábẹ́ Early Intervention, ètò ìjọba fún àwọn ọmọ kékeré tí ìdàgbàsókè wọn ń lọ́ra. Òbí fúnra rẹ̀ lè pè láti béèrè, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé, ọjọ́ 45 ni wọ́n sì ní láti fi parí àyẹ̀wò kí wọ́n sì ṣe ìpàdé ètò àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá rí ẹnì kan, ẹ bi í pé ọmọ mélòó tó ní ìṣòro ìgbémì ló ti tọ́jú, kì í ṣe ọmọ tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ bí oúnjẹ bá ń wọ ọ̀nà èémí láìsí ikọ́. Ìdáhùn tó dára á mẹ́nu ba òtútù àyà tó ń padà wá, ohùn tó ń dún bí omi, èémí tó yí padà, àti àwòrán X-ray alárìnká tí wọ́n ń yà nígbà tí ọmọ ń gbé oúnjẹ mì, bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bá wà ní àrọ́wọ́tó. Ẹni tó bá di ọmọ mú tó ń fi ipá ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò parí, tí kò sì tíì rí ọmọ náà níbi tó ti ń jẹun, ẹ tọ́jú owó yín.

Kí ọjọ́ àdéhùn tó pé

Ọjọ́ àdéhùn lè jìn. Ohun mẹ́ta ni ilé lè tún ṣe láìsí ewu, ìjókòó sì ni àkọ́kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: nídìí oúnjẹ, orí tó wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé dé ẹ̀yìn àga, kí ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ ká bí igun àpótí, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ nǹkan tó le. Páálí tí ẹ di ìwé kún inú rẹ̀ tó láti fi ṣe ìtẹ̀sẹ̀. Ẹ ká ìró méjì bí òpó, ẹ fi há a ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kí orí rẹ̀ wà ní àárín, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ kò gbọdọ̀ dúró. Kó jókòó sílẹ̀ débi tí ojú rẹ̀ bá ti ọmọ dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, torí ọmọ tó bá ń wòkè ti na ọrùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ itan ni ẹ ń lò, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí kékeré kí ìbàdí ọmọ lè ká, kí apá yín sì gbé ìpàkọ́ rẹ̀ dúró.

Ìkejì ni ṣíbí. Kí ó kéré, kí ikùn rẹ̀ má jìn, kí oúnjẹ inú rẹ̀ má ju ìlàjì ṣíbí tíì lọ. Ẹ gbé e wọlé tààrà láti iwájú, ẹ gbé e lé àárín ahọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dúró. Títẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ahọ́n pé kó má tì jáde. Ẹ jẹ́ kí ètè òkè rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá mú oúnjẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó fa ṣíbí jáde tààrà bó ṣe wọlé. Bí ẹ bá ń fi erìgì òkè nu ṣíbí, orí á gbé sókè, ètè kò sì ní kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láé. Fún omi, ẹ gé etí ife rọ́bà kan ní ìlà òṣùpá níbi tí imú máa wà. Ọmọ á lè mu ún dé ìsàlẹ̀ láìgbé orí sẹ́yìn. Bí ó bá ń mu fídà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná fẹ ojú ihò rẹ̀. Ohun tó ń yára jù fún un ni ẹ tún sọ di ìṣàn odò yẹn.

Ìkẹta, bí oúnjẹ ṣe ki tó, ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní IDDSI, láti 0 dé 7, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lò. Sírínjì 10 ml kan tó láti fi wọn àwọn ohun mímu inú rẹ̀. Ẹ yan èyí tí gígùn rẹ̀ láti òdo dé ìlà 10 jẹ́ 61.5 mìlímítà, torí sírínjì kì í dọ́gba. Ẹ yọ ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, ẹ fi ìka dí ẹnu ihò ìsàlẹ̀, ẹ da ẹ̀kọ sí i dé 10. Ẹ yọ ìka, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tún dí i, kí ẹ wo èyí tó ṣẹ́kù. Bí kò bá tó 1 ml, ipele 0 ni, bí omi lásán. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 4, ipele 1. Láti 4 dé 8, ipele 2. Bó bá ju 8 lọ tó ṣì ń kán, ipele 3. Bí kò bá kán rárá, ó ti dé ipele 4, ṣíbí ni wọ́n ń fi yẹ ìyẹn wò: kó dúró lórí ṣíbí, kó sì já bọ́ lódidi bí ẹ bá dà á, láìlẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́rápísìtì ló máa sọ ipele tó yẹ ọmọ yín. Iṣẹ́ ilé ni pé kí ó rí bákan náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ̀kọ sì ní ìwà tó ń tan òbí jẹ. Bó bá ń tutù, ó ń ki sí i, nítorí náà ìgbóná tí ọmọ máa fi jẹ ẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìwà kejì ni pé itọ́ ń fọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá ti ẹnu ọmọ padà sínú abọ́, itọ́ ń bá a lọ, ó sì ń sọ sítáàṣì inú ẹ̀kọ di omi. Ẹ wo abọ́ náà lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú: ohun tó ki bí ọbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣàn. Ọmọ tó ti rẹ̀ ni ẹ wá ń fún ní èyí tó yára jù. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, kí ìyókù wà nínú kúlà, kí ṣíbí ẹnu ọmọ má dé ibẹ̀.

Oúnjẹ tó ní omi àti kóró pa pọ̀ ló ṣòro jù fún irú ọmọ yìí: gààrí tí a rẹ sómi, ìrẹsì nínú ọbẹ̀ tó ṣàn, ẹ̀kọ tí a fọ́ mọ́ínmọ́ín sí. Omi á sá ṣíwájú, kóró á ṣẹ́kù lẹ́yìn. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ kó di ọ̀kan. Ẹwédú ń yọ̀, ó sì ń fa oúnjẹ lọ kíákíá. Fún ọmọ tí ìgbémì rẹ̀ ń pẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbẹ̀gìrì tó ki ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ikùn ọmọ kò tóbi, nǹkan bíi 30 ml fún kílò kan ìwúwo rẹ̀, kò sì sí àyè fún omi ògì lásán níbẹ̀. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná, wàrà tàbí ẹyin tó jinná mọ́ ọn. Ṣíbí tíì kan epo tàbí òróró, 5 ml, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 40, kò sì gba àyè. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi sírínjì wọ̀n ọ́n, torí ohun tí ẹ pò mọ́ ọn lè yí kíki rẹ̀ padà.

Ọmọ tí ẹ̀rù oúnjẹ ń bà

Fún ọmọ tó lè gbé oúnjẹ mì dáadáa àmọ́ tó jẹ́ nǹkan mẹ́ta péré ló ń jẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìtẹ̀síwájú máa ń lọ́ra. Kó gbà kí oúnjẹ tuntun wà lórí tábìlì jẹ́ ìgbésẹ̀ kan. Kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fi ètè kàn án, kó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kí ó tutọ́ rẹ̀ jáde pàápàá, ìgbésẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ tuntun lè ní láti fara hàn án ní ìgbà 8 sí 15 kó tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé ń jáwọ́. Ẹ̀yin lẹ ó yan ohun tó máa jẹ, ìgbà tó máa jẹ ẹ́ àti ibi tó máa jẹ ẹ́ sí. Bóyá ó máa jẹ àti ìwọ̀n tó máa jẹ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ẹ fi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta sáàárín oúnjẹ, kí omi nìkan wà láàárín wọn. Ọmọ tó ń mu wàrà kiri látàárọ̀ kò lè ní ebi lọ́sàn-án.

Bí wọ́n bá dárúkọ rọ́bà imú

Nígbà míì dókítà á sọ pé kí wọ́n ki rọ́bà gba imú lọ sí ikùn, ọ̀pọ̀ ilé á sì kọ̀, wọ́n á ní ó ti parí nìyẹn. Rọ́bà náà ń gbé ìwúwo sókè nígbà tí ẹnu ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó ti rù kò lágbára iṣan tó máa fi kọ́ ìgbémì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí oúnjẹ tó wọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń fa omi ikùn díẹ̀ jáde, wọ́n á fi bébà pH dán an wò, 5.5 tàbí kó dín ló ń fi hàn pé ikùn ló wà. Kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan sí i tí èyí kò bá tíì dájú. Kí ẹ sì tún béèrè bóyá ọmọ lè máa tọ́ nǹkan kékeré lá lẹ́nu lójoojúmọ́, kí ẹnu má baà gbàgbé.

Ìwé ara ògiri

Ọwọ́ tó ń fún ọmọ lóúnjẹ kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyá á lọ ṣiṣẹ́, màmá àgbà á gbà á, ọmọ ọ̀dọ̀ á gbà á, olùkọ́ ilé ìtọ́jú ọmọ á gbà á. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tó ti ń jẹun, kí ẹ fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì jẹ́ kó fún un lóúnjẹ lójú yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jáde:

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ páálí. Àgbọ̀n síwájú. Ìlàjì ṣíbí kékeré. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá yíjú, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀, ẹ ka ogún. Bó bá wúkọ́, ẹ dúró kí èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ ti parí. Ìṣẹ́jú 30 kò gbọdọ̀ kọjá. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má tẹ́ ẹ. Ẹ kọ ohun tó jẹ síbí."